Ọ́ìlì Inú Fíltà

Kí n tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá mẹkáníìkì ní Igbó-Ọrà, ọkadà ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àṣà kan tí mo pè ní ọgbọ́n. Erùpẹ̀ ilẹ̀ wa kì í ṣe kékeré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí èèyàn bá gun ọkadà láti Tápà dé ọ̀dọ̀ wa, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti pọ́n kó tó sọ̀ kalẹ̀. Fóòmù kan wà nínú ọkadà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé ká fọ fóòmù náà, ká fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ká fún un, ká dá a padà síbi tó wà. Ọ́ìlì yẹn ni yóò mú erùpẹ̀ dání tí kò fi ní í wọlé. Ó dára fún ọkadà, n kò sì tíì rí ẹni tó bá wa jiyàn lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo kúrò nídìí ọkadà tí mo bọ́ sídìí mọ́tò, n kò fi àṣà náà sílẹ̀. Fíltà mọ́tò kì í ṣe fóòmù, bébà ni, ṣùgbọ́n mo ní ohun tó bá ti ń dí erùpẹ̀ lọ́nà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́, kábúrétọ̀ ni wọ́n fi ń po epo mọ́ atẹ́gùn, wọn kò bá mi bínú rárá. Mo di ọ̀gá, mo ń fi ọ́ìlì pa fíltà, àwọn èèyàn ń yìn mí pé ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ mi jáde kì í jẹ erùpẹ̀. Mo gbà fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ọkọ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì dá ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀, kò jìnnà sí ọgbà tí àwa mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbó, ó ra tòkunbọ̀ kan tó jẹ́ ti ayé òde òní, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, nítorí náà ó ní awakọ̀. Bàbá Ìbejì ni awakọ̀ náà. Ní ìlú tiwa, bí èèyàn bá pariwo Bàbá Ìbejì lójú títì, èèyàn mẹ́wàá lè dáhùn, ṣùgbọ́n nínú ọgbà wa, òun nìkan la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìrun kì í sì í kọjá lórí rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ fún Màmá Tíṣà, òun náà ti gun ọkadà rí.

Inú ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe sáfíìsì fún tòkunbọ̀ náà. Mo ti ra fíltà tuntun, mo fa á yọ nínú ọ̀rá, mo da ọ́ìlì sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Bàbá Ìbejì dúró tì mí. Ó wò mí títí.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Mo mọ ti fóòmù ọkadà, èmi náà máa ń ṣe é. Ṣé bébà náà ń gba ọ́ìlì ni?”

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wa ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọgbà. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Epo tó yẹ kó gbé e lọ sí Ìbàdàn kó sì gbé e bọ̀ kì í dá a padà délé mọ́. Bó bá dúró, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, èéfín dúdú á máa jáde ní sáléńsà. Bó bá sì fẹ́ gun òkè lójú ọ̀nà Èrúwà, á kọ̀, á máa fà bí ẹni tí wọ́n ń fi tipátipá mú lọ oko. Mo pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Mo tú nọ́súlù, mo fọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa epo láti inú táńkì. Mo tilẹ̀ tún fíltà yọ, mo gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, mo sì tún fi ọ́ìlì míràn pa á. Gbogbo rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Iná ṣẹ́kì kan, èyí tó ń kìlọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì, tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú. Mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn, pé gbogbo tòkunbọ̀ ló ní in.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Tíṣà jókòó lórí àga rọ́bà nínú ọgbà wa, ó ní, “Ọmọ mi, bí kò bá yé ọ, má tijú. N ó kúkú gbé e lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n bá mi wò ó.”

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́. Ara mi gbóná. Ká gbé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi lọ sí Ìbàdàn! Mo ní kí ó mú sùúrù, mo sì lọ ṣí ibi ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ náà. N kò mọ ohun tí mò ń wá. Kẹ́ẹ̀gì kan ni mo rí níbẹ̀, òfìfo ni, òórùn epo ń jáde nínú rẹ̀.

Ta ni kò ní kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí? Ẹni tó bá ti sùn sórí ìlà epo rí, á ní in. Èmi náà ní in. Ṣùgbọ́n mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè lójú gbogbo wọn, mo ní, “Màmá, ọkọ̀ yín kò ṣàìsàn. Ẹ bi awakọ̀ yín léèrè ibi tí epo yín ń gbà lọ. Ó ń fà á tà, ó sì ń fi nǹkan míràn là á, òun ló fi ń rú èéfín.”

Mo sọ ọ́ tán, mo sì gbà á gbọ́. Bí irọ́ ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni tó pa á nìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ pé irọ́ náà ló gbà á lọ́wọ́ ìtìjú.

Bàbá Ìbejì dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò jẹ́ ṣe irú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí Màmá ní kí n máa gbé dání nígbà tí epo wọ́n nìyẹn.”

Màmá Tíṣà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń wò mí. Mo sì rí i pé bí mo bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èmi ni n ó gbé ẹ̀tẹ́ ọjọ́ náà relé. Mo mú sípánà kan nínú àpótí mi, mo nà án sí i. Mo ní, “Bí o kò bá jí i, fi ahọ́n kan irin.”

“Bí o kò bá jí i” ni mo sọ, fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí, tí n kì í yé bọ̀wọ̀ fún. 

Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ báyìí, àmọ́ n kò gbàgbé ohun tí bàbá mi máa ń sọ nípa irin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn fi irin búra, òun ni yóò kọ́kọ́ fi ahọ́n tirẹ̀ kàn án, kó sì sọ pé ẹ̀sùn tí òun mú wá, òun rí i ni, òun kò kàn rò ó. Bí kò bá lè ṣe é, kó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. N kò ṣe é.

Bàbá Ìbejì ní, “Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ẹ gbé e wá.” Ó gba sípánà náà. Ó ní bí òun bá fa epo kúrò nínú ọkọ̀ náà rí, kí irin má jẹ́ kí òun rí ìgbéyàwó àwọn ìbejì òun. Ó fi ahọ́n kàn án. Gíríìsì wà lára sípánà náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn létè, dúdú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ohun tí yóò fi nù ún. Akísà wà ní èjìká mi. N kò nà án sí i. Fìlà orí rẹ̀ ló ṣí, tó fi nu ẹnu. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Màmá Tíṣà, ó dágbére, ó sì bá ẹnu ọgbà jáde. Màmá Tíṣà kò pè é padà.

Ọjọ́ méje pé, nǹkan kan kò ṣe Bàbá Ìbejì. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún pé, orí kò fọ́ ọ. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ohun tí a sọ nínú ọgbà wa ni pé ó ti lo ohun tí kì í jẹ́ kí irin mú èèyàn. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. A gbọ́ pé ó ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Tápà, ìlú ìyá rẹ̀, pé ó ń gbin ẹ̀gẹ́.

Ọmọ àbúrò Màmá Tíṣà ló gba ọkọ̀ náà wà. Epo kò yé gbẹ. Èéfín kò yé jáde. Oṣù kan kọjá báyìí, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí Màmá Tíṣà tó sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti ránṣẹ́ sí rewáyà kan ní Èrúwà, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, pé kí n wà níkàlẹ̀. Èmi àti Màmá Tíṣà la jọ dúró dè é nínú ọgbà wa. Mo rò pé ọkùnrin ni. Ọmọbìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkadà, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Ó ki ẹnu wáyà máṣíìnì tó fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò bọ abẹ́ sìtíá, ó kà á, ó ní sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn ni máṣíìnì ń pè. Ó ní òun kì í gba máṣíìnì gbọ́ tààrà. Ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fa wáyà tó wà lórí sẹ́ńsọ̀ náà yọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n lọ. Ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀. Ó dá wáyà padà, ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó ní, “Ẹ rí i, sà? Ó sàn fún un kí sẹ́ńsọ̀ yìí dákẹ́ ju kó máa parọ́ fún un lọ.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá Tíṣà bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Gbogbo atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń mí sínú, iwájú sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń gbà kọjá. Wáyà tínrín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná. Atẹ́gùn tó ń kọjá á máa mú un tutù, bó bá sì ṣe tutù tó ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó, tí yóò sì bu epo tó bá a mu. Bí nǹkan bá bo wáyà yìí, kọ̀ǹpútà kò ní í mọ ìwọ̀n mọ́. Bó bá yẹ kó bu díẹ̀, á bu púpọ̀. Bó bá dé òkè tó yẹ kó bu púpọ̀, á háwọ́.

Ó tú sẹ́ńsọ̀ náà, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ní kí n wò ó. Wáyà inú rẹ̀ tínrín ju irun orí lọ. Ohun kan tó ki, tó pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà Tápà, ti bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilé fíltà. Ó fi ìka kan fa orí bébà náà. Ìka náà ń dán.

Ó ní, “Ọ́ìlì rèé. Ó máa ń fò láti orí bébà lọ lẹ̀ mọ́ wáyà, erùpẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló ń fi ọ́ìlì pa fíltà yìí?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹnu mi wà lára mi. N kò yadi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ra fíltà náà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ Bàbá Ìbejì tilẹ̀ wá sí mi lórí ahọ́n, pé kí n sọ pé òun ni. Ọlọ́run ló bá mi gbé e mì. Ohun tí mo sọ ni pé, “Bóyá bí wọ́n ṣe gbé e wọ̀lú láti òkè òkun nìyẹn.”

Ọmọbìnrin náà wo fíltà, ó wo ọwọ́ mi. Ó fọ́n oògùn kan láti inú agolo sí wáyà náà, ó ní oògùn náà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ bó bá gbẹ. Mo na akísà èjìká mi sí i kó fi nù ún. Ó tètè fà á sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà. Bí ẹ bá nù ún, á já.” Ó gbé e síbi ibòòji títí tó fi gbẹ. Ó dá a padà, ó sì ki fíltà tuntun bọ̀ ọ́, gbígbẹ bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Wọ́n tan ọkọ̀. Kò gbọ̀n, kò rú èéfín. Wọ́n wà á gun òkè ọ̀nà Èrúwà, wọ́n sì wà á bọ̀.

Màmá Tíṣà kò yọ̀. Ó bi ọmọbìnrin náà pé, “Ṣé ohun tó ń mu epo mi nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“Kì í ṣe pé ẹnìkan ń fà á?”

“Rárá, mà. Ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún.”

Màmá Tíṣà yíjú sí mi.  Ó ní, “Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fún un ní irin. Ìwọ ni wàá lọ pè é wá.”

Ojú tì mí débi pé n kò lè wa ọkọ̀ tèmi lọ sí Tápà. Mo rò pé yóò dàbí ẹni tó wá ṣe fáàrí. Ọkadà ni mo wọ̀. Mo ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ. Wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé nígbà tí mo dé, òun, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ìbejì, obìnrin méjèèjì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ní kí n dìde. N kò dìde títí mo fi sọ ọ́, pé ọkọ̀ ló ṣàìsàn, pé òun kò jí nǹkan kan.

Ó ní, “Mo mọ̀ pé n kò jí nǹkan kan.”

Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Mo nawọ́ bisikíìtì sí àwọn ọmọ, ó sì sọ fún wọn pé, “Ẹ kí bàbá yín.” Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n pè mí ní bàbá. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ojú sókè lára ẹ̀gẹ́ tó ń bẹ.

Lẹ́yìn tí mo mu omi, Bàbá Ìbejì bi mí pé, “Kí ló wá ṣe ọkọ̀ náà gan-an?”

“Sẹ́ńsọ̀ kan ni. Nǹkan bo wáyà inú rẹ̀.”

“Kí ló bò ó?”

Àárín èmi àti òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà báyìí. Mo ti dọ̀bálẹ̀. Kí ló tún kù? Síbẹ̀ mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Erùpẹ̀ ni.”

“Erùpẹ̀ nìkan?”

“Erùpẹ̀ nìkan.”

Ó tún mú ẹ̀gẹ́ míràn, ó bẹ ẹ́ láti ìdí dé orí. Ó ní, “Erùpẹ̀ Ìbàràpá pọ̀ lóòótọ́.”

Ó padà sídìí ọkọ̀ Màmá Tíṣà. Lọ́jọ́ tí àwa mẹkáníìkì ṣe mítìnì, mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní Bàbá Ìbejì kò jalè, pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, pé èmi ni mo ṣì í ṣe, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àgbà kan nínú wa ní mẹ́lòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ayé tí a wà yìí, pé olóòótọ́ èèyàn ni mí. Mo dúró, mo gba gbogbo rẹ̀. Títí dòní, n kò sọ ti ọ́ìlì fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo kàn fi í sílẹ̀ láì ṣe mọ́ ni, nígbà tí wọ́n sì bi mí ìdí rẹ̀, mo ní ọ́ìlì ayé ìsinsìnyí kò dára.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ọwọ́ méjèèjì bá ti kún, eyín la fi ń mú sípánà kékeré dání. N kò lè ṣe é mọ́. Ilẹ̀ ni mò ń gbé e sí, n ó sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Bàbá Ìbejì ló ń gbé ọkọ̀ wá fún sáfíìsì báyìí lóṣooṣù. Ó máa ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bó ṣe ń ṣe látijọ́. Kì í lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Bí mo bá ti ki fíltà bọ̀ ọ́ tán, kí n tó pa ilé fíltà dé, á sún mọ́ mi, á fi ìka kan fa orí bébà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Á wo ìka náà. Á wá nà án sí mi, kí èmi náà lè rí i.

Á ní, “Ọ̀gá, ó gbẹ.”

Èmi náà á sì dáhùn pé ó gbẹ.